Kí ni iṣẹ́ Congressional Sportsmen's Caucus ní Amẹ́ríkà?

Ẹgbẹ́ àwọn aṣòfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà ni, láti inú ẹgbẹ́ òṣèlú Republican àti Democrat, tí wọ́n jọ ń gbèjà àwọn ọdẹ àti àwọn apẹja nílé aṣòfin. Ọdún 1989 ni wọ́n dá a sílẹ̀. (Fàájì ni ọdẹ ṣíṣe jẹ́ fún ọ̀pọ̀ àwọn ọdẹ níbẹ̀, kì í ṣe iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́.)

Kì í ṣe ìgbìmọ̀ ilé, nítorí náà kò lè dá àbá òfin dúró fúnra rẹ̀. Ó kàn ń wá ìbò lọ́tùn-ún lósì ni. Ẹ wo ti ọdún 2023: iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ti túmọ̀ òfin ìbọn ọdún 2022 sí pé owó ìjọba àpapọ̀ kan kò gbọdọ̀ lọ sórí kíkọ́ ọmọ iléèwé ní ọfà títa àti ọdẹ ṣíṣe. Òfin àtúnṣe gba ìbò 424 sí 1 nílé aṣojú, Ààrẹ Biden sì buwọ́ lù ú lóṣù kẹwàá.

Owó ló mú ìṣọ̀kan yìí rọrùn. Láti 1937, òfin Pittman-Robertson ti ya owó orí tí wọ́n ń gbà lórí ìbọn ọdẹ àti ọta, ìdá 11 nínú 100, sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ẹranko ìgbẹ́. Ti irinṣẹ́ ẹja pípa tẹ̀ lé e ní 1950.

Ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ bá ti kan ìkálọ́wọ́kò ìbọn tàbí ọta olójé, oníkálukú sábà máa ń padà sẹ́yìn ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀.