Àmì-ẹ̀yẹ àwọn olùkọ́ ìmọ̀-ẹ̀rọ: èwo ló yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ wò?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ lọ kẹ́kọ̀ọ́ gboyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀-ẹ̀rọ ìkọ́lé àti àyíká ní Amẹ́ríkà. Nínú ìwé tí yunifásítì kan fi ránṣẹ́ sí mi, olùkọ́ kan ní P.E. àti F.ASCE lẹ́yìn orúkọ rẹ̀, èkejì gba Norman Medal, ẹ̀kẹta jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ NAE, ẹ̀kẹrin sì gba CAREER. Èwo ló ga jù nínú wọn, ta ni kí n sì yàn ní alábòójútó?

ÌDÀHÙN: Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ yọ méjì kúrò, nítorí wọn kì í ṣe ẹ̀bùn. P.E. jẹ́ ìwé-àṣẹ iṣẹ́ tí ìpínlẹ̀ ń fún onímọ̀-ẹ̀rọ tó yege ìdánwò, òun ló sì jẹ́ kó lẹ́tọ̀ọ́ láti fọwọ́ sí àwòrán afárá tàbí ilé. F.ASCE jẹ́ ipò àgbà nínú American Society of Civil Engineers, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1852.

Ẹgbẹ́ yìí kan náà ló ń fúnni ní Norman Medal, tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti wà láti 1872. Kì í ṣe ọjọ́ orí tàbí òkìkí ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó fún ènìyàn, bí kò ṣe àpilẹ̀kọ kan tí ẹgbẹ́ náà tẹ̀ jáde, tó sì fi ohun tuntun kún ìmọ̀. Karl Terzaghi, tó kọ́ni ní Harvard, gbà á lẹ́ẹ̀mẹrin, ní 1930, 1943, 1946 àti 1955. Òun ló ṣàlàyé bí omi ṣe ń fún jáde díẹ̀díẹ̀ kúrò nínú amọ̀ tí ilé wúwo jókòó lé, tí ilé náà á sì máa rì lọ́dọọdún láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ní tèmi, mo fẹ́ràn àmì-ẹ̀yẹ yìí ju àwọn yòókù lọ, nítorí pé ẹ lè wá àpilẹ̀kọ náà kà, kí ẹ sì fojú ara yín rí ohun tí wọ́n torí rẹ̀ yẹ́ olùkọ́ náà sí.

Tó bá jẹ́ ti gíga, NAE ló ga jù nínú èyí tí ẹ kà sílẹ̀. Láti 1964 tí wọ́n ti dá National Academy of Engineering sílẹ̀, ènìyàn kì í fa ara rẹ̀ kalẹ̀. Àwọn tó ti wà nínú rẹ̀ ló ń dárúkọ ẹlòmíràn, tí wọ́n sì ń dìbò yàn án. Iṣẹ́ ọdún gbọọrọ ni wọ́n sábà máa ń fi wọn ẹni. Bákan náà ni Stockholm Water Prize rí láàárín àwọn onímọ̀ omi: nígbà tí Perry McCarty ti Stanford gbà á ní 2007, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí bí àwọn kòkòrò àìfojúrí ṣe ń jẹ ìdọ̀tí inú omi, ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Ẹni tó bá ti dé irú ipò bẹ́ẹ̀ lè ti máa ronú ìfẹ̀yìntì, ẹ má sì tijú láti béèrè.

CAREER yàtọ̀ pátápátá. Owó ìwádìí ni National Science Foundation ń fún olùkọ́ tí kò tíì rí iṣẹ́ ayérayé gbà, fún ọdún márùn-ún, kò sì gbọdọ̀ du owó náà ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Ó ní láti fi hàn bí ìwádìí rẹ̀ àti ìkọ́ni rẹ̀ yóò ṣe wọnú ara wọn. Nínú owó yìí ni ó ti lè san owó oṣù àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bá a ṣèwádìí. Nítorí náà, bí ọkàn yín bá fà sí olùkọ́ kẹrin yìí, ẹ kọ̀wé bi í ní ọdún tí owó náà bẹ̀rẹ̀, nítorí ọdún márùn-ún ọ̀hún lè ti fẹ́ẹ̀ pé kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.