Wòlíì ní màmá wa ni ọ̀tá ilé: báwo la ṣe máa gba àbúrò wa padà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì ni àbúrò mi obìnrin, ẹni ọdún 29. Láti ìgbà tó ti ń lọ sí ilé àdúrà kan ní Ìkòròdú, gbogbo owó oṣù rẹ̀ ló ń lọ síbẹ̀. Wòlíì ní àfẹ́sọ́nà rẹ̀ kọ́ ni ọkọ rẹ̀, ló bá já a jù sílẹ̀. Ó ti kó wọ ọgbà ìjọ, kò sì gbé ìpè màmá wa mọ́, torí ìran ní màmá ni ọ̀tá ilé. Ó ní òun ń gba ààwẹ̀ gbígbẹ báyìí. Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin fẹ́ kó àwọn ọmọ àdúgbò lọ gbé e jáde. Ṣé kó lọ? Ṣé a lè gba owó náà padà? Ìbátan wa tó wà ní Birmingham ní òfin tó ń mú irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà lọ́dọ̀ wọn. Ṣé ó wà níbí?

Ìdáhùn: Ẹ bá wa dá ẹ̀gbọ́n dúró. Ẹni ọdún 29 kì í ṣe ọmọdé. Ẹni tó bá fi ipá gbé àgbàlagbà kúrò níbi tó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun fẹ́ wà, òun ni ọlọ́pàá máa kọ́kọ́ tì mọ́lé. Èyí tó tún burú jùyẹn lọ ni pé Wòlíì ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé àwọn ará ilé máa dìde. Ọjọ́ tí ẹ bá kó èèyàn dé ẹnu géètì, ẹ ti bá a mú àsọtẹ́lẹ̀ rẹ̀ ṣẹ lójú gbogbo ìjọ, lọ́fẹ̀ẹ́.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Ẹ wádìí bóyá omi ń wọ ẹnu rẹ̀, àti bóyá wọ́n ti ní kó dá oògùn kankan dúró: oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, ikọ́ fée, wárápá. Láìsí omi, ọ̀rọ̀ ọjọ́ díẹ̀ péré ni. Bí kò bá tọ̀ dáadáa mọ́, tí òòyì ń kọ́ ọ, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ́ pọ̀, ẹ má dúró de ìpàdé ẹbí. Ẹ pe 112 tàbí 767 l'Ékòó. Bó bá sì ti tó ọjọ́ márùn-ún tí kò ti jẹun kó tó jáde, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kí ẹ tó gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. Oúnjẹ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lè mú kí àwọn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ já wálẹ̀ lójijì, kí ọkàn sì dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ìfẹ́ ló máa ń sún àwọn ìyá se iyán dè ọmọ, àmọ́ ewu wà níbẹ̀.

Ẹ tún jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe so okùn yìí, torí ibẹ̀ lẹ ti máa rí bí wọ́n ṣe ń tú u. Kì í fi owó bẹ̀rẹ̀. Àbójútó ló fi ń bẹ̀rẹ̀: ìpè ní aago márùn-ún ìdájí, àdúrà àkànṣe, orúkọ tí Wòlíì fẹnu ara rẹ̀ pè. Ẹni tuntun á kọ ìṣòro rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù tàbí kó sọ ọ́ fún òṣìṣẹ́ ìjọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á gbọ́ ọ padà láti orí pẹpẹ bí ìran. Lẹ́yìn náà ni ìjẹ́wọ́. Oyún tó ti ṣẹ́ rí, ẹni tó ti bá sùn rí, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n á ní kó kó kalẹ̀, àṣírí yẹn ló sì máa ń mú kó ṣòro fún un láti kúrò. Ìgbà yẹn gan-an ni ìran ọ̀tá ilé máa ń wọlé. Ẹ kíyè sí ẹni tó ń mú: ìyá, ọkọ, àfẹ́sọ́nà, ẹ̀gbọ́n, ìyẹn àwọn tó lè béèrè pé owó dà. Ó ṣọ̀wọ́n kí ìran mú ẹni tó ń ra jẹnẹrétọ̀ fún ìjọ.

Ìṣọ́ òru ojoojúmọ́ pẹ̀lú ààwẹ̀ ló kù. Ẹni tí kò sùn, tí kò jẹ, kò lè wọn ọ̀rọ̀ wò, bó ti wù kó kàwé tó. Ẹ má bínú pé "nọ́ọ̀sì ni, ó yẹ kó mọ̀". Ìdámẹ́wàá á di irúgbìn, irúgbìn á di ẹ̀jẹ́. Nínú gbogbo rẹ̀, ẹ̀jẹ́ ló le jù, torí gbèsè tó ní ọjọ́ sísan ni, ègún sì ni èlé rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ọ̀rọ̀, wọ́n á ní kó má fọwọ́ kan ẹni àmì òróró. (Ẹni tó bá ka Sáàmù 105 láti ẹsẹ 12 dé 15 á rí i pé àwọn àlejò tí kò tó nǹkan ni Ọlọ́run ń gbà lọ́wọ́ àwọn ọba níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má lọ bá àbúrò yín jiyàn lé e lórí.) Bákan náà ni okùn yìí rí lọ́wọ́ àwọn ààfáà àti babaláwo tó bá ń ṣe é, ohun èlò ló yàtọ̀.

Ìjọ tó le kì í ṣe ìjọ tó ń fìyà jẹ èèyàn o. Ìbéèrè tó ń yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé, bí ó bá sọ "rárá" fún Wòlíì, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí i? Bó bá jẹ́ pé wọ́n á kàn dójú tì í díẹ̀, sùúrù ni. Bó bá jẹ́ ègún, ìkéde àṣírí, tàbí géètì tí kò ṣí, ọ̀rọ̀ ti kọjá ìgbàgbọ́.

Ẹ yan ẹnì kan ṣoṣo láti máa bá a sọ̀rọ̀, ẹni tí ìran kò tíì dárúkọ. Ọ̀rẹ́ ilé ìwé nọ́ọ̀sì dára ju ẹbí lọ. Ẹni yẹn kò gbọ́dọ̀ dárúkọ Wòlíì, ní rere tàbí ní búburú. Kó béèrè oorun rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. Ẹ gbà pé ẹlòmíì ń ka fóònù rẹ̀, nítorí náà ẹ má kọ ètò ìjáde sí WhatsApp. Ibi iṣẹ́ rẹ̀ ni ẹ ti lè rí i láìsí pé ẹnikẹ́ni ń ṣọ́ ọ. Ẹ bá a níbẹ̀ lẹ́yìn ṣíìfù, pẹ̀lú oúnjẹ, láìsí ìwàásù. Tí ẹ bá gbọ́ pé wọ́n ní kó fiṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ti le sí i nìyẹn. Ẹ má fi owó ránṣẹ́, ibì kan náà ló ń lọ. Ẹ má sì halẹ̀ pé ẹ máa kọ̀ ọ́ lọ́mọ. Ohun tí Wòlíì ń retí lẹ́nu yín nìyẹn.

Ní ti òfin, òfin VAPP ti 2015, ìyẹn òfin tó lòdì sí ìwà ipá sí èèyàn, tó ń ṣiṣẹ́ ní Abuja, ka fífi ipá ya èèyàn kúrò lọ́dọ̀ ẹbí àti ọ̀rẹ́ sí ẹ̀ṣẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ti sọ ọ́ di tiwọn, ṣùgbọ́n Èkó ní òfin tirẹ̀, nítorí náà DSVA, àjọ ìjọba Èkó tó ń bójú tó ìwà ipá abẹ́lé àti ti ìbálòpọ̀, ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀: 08000 333 333, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ sọ bóyá ọmọdé wà nínú ọgbà náà. Ní Oṣù Keje 2022, ọlọ́pàá kó èèyàn 77 jáde nínú ìjọ kan ní ìlú Oǹdó tí wọ́n ti ń dúró de ìpadàbọ̀ Olúwa. Ẹjọ́ ìyá kan pé àwọn ọmọ òun ti pa ilé ìwé tì torí ìjọ náà ló gbé wọn débẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọdé ń ṣí ilẹ̀kùn tí ọ̀rọ̀ àgbà kì í lè ṣí.

Òfin tí ìbátan yín ń sọ, abala 76 nínú Serious Crime Act ti 2015 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó lòdì sí kí èèyàn máa fi ipá darí ìgbésí ayé ẹlòmíì, tọkọtaya àti ẹbí nìkan ló kàn. Wòlíì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ kò bọ́ lọ́wọ́ òfin ìfipábánilòpọ̀: ní 2020, ilé ẹjọ́ ní Birmingham rán pásítọ̀ Michael Oluronbi lẹ́wọ̀n ọdún 34, ẹni tó fi "ìwẹ̀ mímọ́" bo ìfipábánilòpọ̀ tó ń ṣe fún àwọn ọmọdé. Tí àbúrò yín bá dárúkọ ìwẹ̀, ìfòróróyàn níhòòhò tàbí sísùn nínú yàrá Wòlíì, ẹ gbé e lọ sí Mirabel Centre, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí wọ́n fipá bá lò pọ̀, ní ilé ìwòsàn LASUTH, Ìkẹjà, kí wákàtí 72 tó pé sí ìgbà tó ṣẹlẹ̀, torí àsìkò yẹn ni oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV ń ṣiṣẹ́. Kó má wẹ̀ kó tó lọ. Ẹ fi àpò bébà kó aṣọ rẹ̀, kì í ṣe láílọ́ọ̀nù, tó ń mú ẹ̀rí bàjẹ́.

Owó ńkọ́? Ọrẹ tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, a ò ní tàn yín, ó ṣòro gbà. Òfin jìbìtì ti 2006 ń wo irọ́ nípa ohun tó ti ṣẹlẹ̀ tàbí tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́. "Ọlọ́run máa fún ọ ní físà" kò wọ ibẹ̀. "Mo ti bá ẹni tó wà ní ẹ́ḿbásì sọ̀rọ̀, 400,000 náírà ló kù" wọ ibẹ̀ dáadáa. Ẹ wá irú gbólóhùn kejì yẹn nínú àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ àti ohùn tó fi ránṣẹ́ sí yín. Ó yẹ kí òun fúnra rẹ̀ gba sítátímẹ́ǹtì báńkì, kó sì sàmì sí orúkọ àkáǹtì tó gba owó: ti ìjọ ni, àbí ti Wòlíì àti ìyàwó rẹ̀?

Bó bá jáde, ẹ jẹ́ kó sùn. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn, kó yí nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ ATM àti ti báńkì orí fóònù padà, kó wo ẹni tí wọ́n kọ sí ajogún rẹ̀ níbi iṣẹ́, kó sì béèrè bóyá ó ti ṣe onídùúró fún ẹnikẹ́ni ní kóópù. Ẹ̀rù ẹ̀jẹ́ máa ń pẹ́ lára ju ẹ̀rù Wòlíì lọ, àìsàn kékeré kan sì lè mú kó sá padà. Pásítọ̀ àgbà kan nínú ìjọ tó ti wà látilẹ̀, tí kò ní gba kọ́bọ̀, lè jókòó tì í kó sì bá a tú ẹ̀jẹ́ náà. Ẹ má gbé e lọ bá wòlíì míì fún ìdásílẹ̀.