Ṣé èèwọ̀ ni kí a kí ìyá tí ọmọ rẹ̀ gbẹ̀mí ara rẹ̀ ní "ẹ kú ọ̀fọ̀"?

Ìbéèrè: Ìyá kan kọ̀wé pé ọmọkùnrin ọ̀rẹ́ òun gbẹ̀mí ara rẹ̀ n'Ìbàdàn. Nígbà tí àwọn obìnrin àdúgbò fẹ́ lọ jókòó ti ìyá ọmọ náà, bàbá àgbà kan nínú ẹbí dá wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní a kì í kí irú wọn ní "ẹ kú ọ̀fọ̀", a kì í jẹun nílé wọn, ikú yá ju ẹ̀sín, ọmọ náà ló mọ ohun tó rí. Ìyá yìí ń béèrè bóyá àṣà Yorùbá nìyẹn lóòótọ́, àti bóyá òun lè gbé oúnjẹ lọ fún ọ̀rẹ́ òun.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ sì bá mi kí ọ̀rẹ́ yín kú àráfẹ́rakù. Ẹ lọ jókòó tì í. Ọ̀rọ̀ tí bàbá yẹn sọ ní ibi tó ti wá, àmọ́ ọ̀rọ̀ òkú ni wọ́n mú tí wọ́n gbé ka orí alààyè.

Lóòótọ́, láyé àtijọ́, a kì í sin ẹni tó bá gbẹ̀mí ara rẹ̀ sínú ilé bí a ti ń sin àgbàlagbà. Inú igbó ni wọ́n ń gbé e lọ. Àwọn tí ìlú fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lé lọ́wọ́ ló ń gbé e, àwọn olórò ni ní àwọn ìlú mìíràn, wọ́n á sì ṣe ètùtù síbi tó ti ṣẹlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó tún débẹ̀. Ẹbí ló ń san owó ètùtù, owó náà kì í sì í ṣe kékeré. Ìnáwó yìí, pẹ̀lú ojú tí aráyé fi ń wò wọ́n, ló sọ ọ̀pọ̀ ilé di ẹni tó ń bo irú ọ̀rọ̀ yìí mọ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí "lẹ́yìn àìsàn ránpẹ́" lára ìwé ìkéde òkú tí gbogbo àdúgbò mọ̀ pé kò sí àìsàn kankan níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn mìíràn tí wọn kì í sin bí ẹni gbogbo: aboyún tó kú toyún-toyún, abuké, ẹni tí àrá pa. Tàwọn oníṣàngó ni òkú ẹni tí àrá pa, àwọn ló ń wá ṣe ètò rẹ̀. Kí ni aboyún ṣe? Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ abuké? Kò sí ẹni tó lè sọ pé ìyà ìwà wọn ni wọ́n ń jẹ. Ohun tó pa gbogbo wọn pọ̀ ni pé ikú tàbí ara wọn kò rí bí a ti mọ̀ ọ́n, àwọn baba wa sì gbà pé ilẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìpẹ̀ kí irú rẹ̀ má bàa tún ṣẹlẹ̀. Ilẹ̀ ni wọ́n ń tù. Bí wọ́n bá ti ṣe é tán, ó parí. Èmi kò tíì gbọ́ ìlú tí wọ́n ti ní kí a má kí ọkọ aboyún tó kú, tàbí kí a má bá ìyá abuké sunkún. Ẹni tó bá wá sọ èèwọ̀ ilẹ̀ di èèwọ̀ ìyá ọmọ, òun ló fi tirẹ̀ kún un.

Ṣàngó gan-an ńkọ́? Ohun tí ọ̀pọ̀ ìtàn sọ ni pé ó gbẹ̀mí ara rẹ̀ nígbà tí ìlú kẹ̀yìn sí i. Àwọn èèyàn rẹ̀ tó kù kò sá fún orúkọ rẹ̀. Wọ́n ní "Ọba kò so", wọ́n sì ń bá ẹni tó bá sọ òdìkejì rẹ̀ jà. Àwọn kan ní irọ́ ni wọ́n fi bo ìtìjú mọ́lẹ̀. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ ojúbọ rẹ̀ ní Kòso ni àṣà ní kí Aláàfin tuntun ti gbadé. Ẹni tí Yorùbá bá ti ta nù pátápátá, wọn kì í gbadé ní ojúbọ rẹ̀.

Ó wá ku òwe. "Ikú yá ju ẹ̀sín" jẹ́ ọ̀rọ̀ tí alààyè ń sọ nípa ara rẹ̀, kó tó hùwà. Jagunjagun á sọ ọ́ kó tó lọ sójú ogun, pé òun kò ní sá. Ẹni tí wọ́n fẹ́ fi owó rà á sọ ọ́, pé òun kò ní jalè. Ìjánu ni, ọ̀rọ̀ ẹni tó fẹ́ kí orúkọ òun mọ́ ni. Ó ní ẹ̀yà tó le, n kò ní fi pamọ́: láyé Ọ̀yọ́ àtijọ́, bí ìlú bá kọ Aláàfin, wọ́n á fi àmì ránṣẹ́ sí i láti ọwọ́ Baṣọ̀run, igbá òfìfo tàbí ẹyin odídẹrẹ́, ọba á sì mọ̀ pé ilé ayé ti parí fún òun. Òṣèlú ààfin nìyẹn, ó sì ti lọ pẹ̀lú àwọn tó ń ṣe é. Ọmọ tí ẹ̀mí rẹ̀ sú u nínú yàrá, tí ọkàn rẹ̀ ti ń ṣàìsàn tí ẹnikẹ́ni kò rí i, kò sí nínú òwe yìí. Bí ẹ bá sì pa òwe náà létí ìyá rẹ̀, ohun tí ó gbọ́ ni pé ẹ̀sín kan wà lára ọmọ rẹ̀ tí gbogbo yín mọ̀, òun nìkan ni kò mọ̀. Òwe tó dára lójú ogun lè jẹ́ èébú nílé ọ̀fọ̀, n kò sì rò pé bàbá yẹn rò ó dé ibẹ̀.

Ọmọ tó kú ṣáájú ìyá rẹ̀, òkú ọ̀fọ̀ ni, bó ti wù kó kú. "Ẹ kú ọ̀fọ̀" ló tọ́ sí i, "ẹ kú àráfẹ́rakù" náà tọ́. "Ẹ kú ìnáwó" tàbí "ẹ̀yìn ìyá á dára" ni kò yẹ, ti òkú àgbà nìyẹn. Ẹ tún rántí pé òbí kì í tẹ̀ lé ọmọ lọ sójú oórì. Nígbà tí àwọn ọkùnrin bá jáde lọ sin òkú, ilé ni ìyá wà, òun àti ìró ọkọ̀ tó ń lọ. Nítorí wákàtí yẹn gan-an ni àṣà fi ní kí àwọn obìnrin jókòó yí i ká. Ẹni tó lé wọn kúrò lẹ́nu ọ̀nà ló ṣẹ̀ sí àṣà.

Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ má béèrè bó ṣe ṣe é. Ẹ má béèrè pé "ṣé ẹ ò fura ni?" Òun fúnra rẹ̀ ti bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yẹn títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹ pe orúkọ ọmọ náà, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ rántí nípa rẹ̀. Bí ó bá ń sunkún, ẹ jẹ́ kó sun ún. Àwọn àbúrò olóògbé náà wà níbẹ̀, ẹ má sọ fún wọn pé ó rìnrìn àjò. Ọmọdé á gbọ́ òótọ́ lẹ́nu ọmọ aládùúgbò, á sì mọ̀ pé ilé òun ló kọ́kọ́ purọ́ fún òun.

Ẹlẹ́sìn kan lè dìde pé ọ̀run àpáàdì ló lọ. Òfin Ìjọ Àgùdà tọdún 1917 kò gbà kí ìjọ sin ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ gbẹ̀mí ara rẹ̀. Òfin tuntun tọdún 1983 yọ ọ́ kúrò, ìwé ẹ̀kọ́ ìjọ náà sì sọ pé kí a má sọ ìrètí nù nípa wọn. Ní ti Mùsùlùmí, hádíìsì kan wà pé Ànábì kò kírun sí irú òkú bẹ́ẹ̀ lára, àmọ́ èrò ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ ni pé kí àwọn yòókù kírun sí i. Àlùfáà tó bá dára á mọ èyí.

Ìdí mìíràn tí ẹnu fi ń wúwo ni òfin ìjọba. Abala 327 ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí a jogún lọ́wọ́ Òyìnbó ní ẹ̀wọ̀n ọdún kan fún ẹni tó bá gbìyànjú láti pa ara rẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti fagi lé tiwọn láti 1961. Ìpínlẹ̀ Èkó ní tirẹ̀ ní kí ilé ẹjọ́ rán irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ sílé ìwòsàn. Òfin yìí kò kan ìyá tó ń ṣọ̀fọ̀, ẹ jẹ́ kó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fojú sí dáadáa. Bí ọ̀rẹ́ yín bá ní ó wu òun kí òun tẹ̀ lé ọmọ òun, ẹ má kàn dáhùn pé "Ọlọ́run má jẹ́ẹ̀!" kí ẹ sì yí ọ̀rọ̀ padà. Ẹ bi í tààrà bóyá ó ń rò láti pa ara rẹ̀. Ìbéèrè yẹn kọ́ ló máa fi èrò náà sí i lọ́kàn. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, kí ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn UCH n'Ìbàdàn níbẹ̀, tàbí ilé ìwòsàn ọpọlọ Arò ní Abẹ́òkúta. Àwọn tó wà l'Ékòó ní ẹgbẹ́ SURPIN, tó ń dènà kí èèyàn gbẹ̀mí ara rẹ̀, ní ilé ìwòsàn LUTH. Tí ẹnìkan nínú ẹbí bá wà ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ Survivors of Bereavement by Suicide ti ń kó àwọn tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí jọ láti 1991, wọ́n sì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìsí pé ẹnìkan ń dá ẹnìkan lẹ́jọ́.

Ní ti oúnjẹ: àlejò ni kì í jẹun nílé òkú ọ̀fọ̀, kí ó má dà bí ẹni pé ó wá jẹ òkú. Onílé ń jẹun, àmọ́ kò ní lágbára láti dáná, nítorí náà ẹ gbé e lọ. Ẹ̀kọ mímu àti mọ́ínmọ́ín máa ń lọ nígbà tí ọ̀nà ọ̀fun bá ti dí. Ẹ má gbé iyán ìnáwó lọ. Ẹ gbé e lọ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ilé kún, kí ẹ tún gbé e lọ lẹ́yìn fídáù tàbí ìsìn ìdágbére, nígbà tí àwọn tó wá láti ọ̀nà jíjìn bá ti padà. Oṣù kejì, oṣù kẹta, ẹ tún lọ. Bí bàbá yẹn bá ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ kúnlẹ̀ kí wọn, kí ẹ ní ìyá ọmọ ni ẹ wá wò, kí ẹ sì wọlé.