Ìbéèrè yín: "Ọkọ mi ní ká fi ọkọ̀ onígbòkun la Àtìláńtíìkì kọjá"

*Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ọkọ mi ti ra ọkọ̀ ojú omi onígbòkun, mítà 12 ni gígùn rẹ̀. Ó ní ká kó àwọn ọmọ wa méjèèjì, ọmọ ọdún 9 àti ọmọ ọdún 6, ká gba Las Palmas, ní erékùṣù Canary ti ilẹ̀ Sípéènì, sọdá sí Barbados, erékùṣù kan ní Karíbíánì, ní oṣù Kejìlá. Omi fúnra rẹ̀ kò bà mí lẹ́rù, ojú ọjọ́ tó ń yí padà ni kò jẹ́ kí n rí oorun sùn. Kí ni kí n máa retí? Ìyá ọlọ́mọ méjì, Portsmouth.*

Ẹ kú àníyàn o, ìyá wa. Ìrìn yìí gan-an ni èmi, ọkọ mi àti àwọn ọmọ wa rìn. Ọjọ́ 21 la lò lórí omi tó lé ní máìlì òkun 2,600. Oṣù Kejìlá tí bàbá àwọn ọmọ mú yẹn dára, torí ìparí oṣù Kọkànlá ni àsìkò họ́ríkéènì, ìjì ńlá orí òkun, máa ń kásẹ̀ nílẹ̀. Àmọ́ ẹ má dorí kọ ìwọ̀-oòrùn tààrà. Àwọn àgbà atukọ̀ máa ń ní kéèyàn kọ́kọ́ lọ sí gúúsù títí bọ́tà yóò fi yọ́, ìyẹn títí ooru yóò fi mú, kó tó yà sọ́wọ́ ọ̀tún, sí ìwọ̀-oòrùn. Tiwa yọ́ ní ọjọ́ keje, nítòsí àwọn erékùṣù Cape Verde, létí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Ká tó débẹ̀, ojú ọ̀run ti ṣú funfun, eruku pupa sì lẹ̀ mọ́ okùn àti ìgbòkun. Eruku aṣálẹ̀ Sàhárà ni. Ọmọ mi obìnrin tí a bí sí London fi ìka kàn án, ó ní kí ni eruku ń wá lójú òkun. Mo ní ìbátan ọyẹ́ tó ń la ètè ìyá mi ní Ìsẹ́yìn ni.

Ohun tí ẹ ó múra dè ni òjò oníjì tó ń yọ dé lójijì, pàápàá lóru. Ẹ̀yìn ló sábà máa ń gbà wá, nígbà tí ojú yín wà níwájú. Ìràwọ̀ ni mo fi ń mọ̀ ọ́n: tí àwọn tó wà nísàlẹ̀ ọ̀run lẹ́yìn ọkọ̀ bá ń pòórá lọ́kọ̀ọ̀kan, ìkùukùu ń gòkè bọ̀ nìyẹn. Òtútù á kọ́kọ́ kàn yín lọ́rùn. Lẹ́yìn náà, afẹ́fẹ́ tó ń sáré nọ́ọ̀tì 18 (nọ́ọ̀tì kan ni máìlì òkun kan ní wákàtí kan) lè di 35 kí ẹ tó wọ bàtà tán. Lóru ọjọ́ kọkànlá, ìgbòkun ńlá ṣì wà lókè nígbà tó ká wa mọ́. Ọkọ mi ti ní ká mú sùúrù díẹ̀, pé ọkọ̀ ń sáré dáadáa. Ọkọ̀ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bíi pé ó fẹ́ dojú dé, ìkòkò ọbẹ̀ fò kúrò lórí sítóòfù, ọmọ mi kékeré já bọ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì. Kò fara pa, ṣùgbọ́n igbe rẹ̀ ṣì wà létí mi. Láti ọjọ́ náà, kí oòrùn tó wọ̀ la ti ń dín ìgbòkun kù, bí afẹ́fẹ́ tilẹ̀ rọlẹ̀. Ẹ bá ọkọ yín ṣàdéhùn kí ẹ tó kúrò ní Las Palmas: ẹni tí ẹ̀rù bá kọ́kọ́ bà ló láṣẹ, tó bá ní ká dín in kù, kò sí àríyànjiyàn. Ẹ lè pàdánù máìlì mẹ́wàá lóru. Ẹ jẹ́ kó lọ.

Láàárín ìdajì wákàtí, ìjì á ti kọjá. Èyí tó ń tẹ̀lé e ló ń súni: afẹ́fẹ́ á kú, ìgbì ò ní kú, ọkọ̀ á máa fì síhìn-ín sọ́hùn-ún.

Ní ti àwọn ọmọ, ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ni èébì. Ẹ gba oògùn tó bá ọjọ́ orí wọn mu lọ́wọ́ dókítà. Atalẹ̀ àti bisikíìtì gbígbẹ ran tiwa lọ́wọ́. Ọmọ kankan kò gbọdọ̀ yọjú síta láìjẹ́ pé okùn àyà rẹ̀ ti há mọ́ ọkọ̀, ì báà jẹ́ ọ̀sán gangan tí òkun dákẹ́. Ẹ fún ẹ̀gbọ́n níṣẹ́ kíka bàròmítà, ohun èlò tó ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ tó. Ní ilẹ̀ olóoru, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ló ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀, ó sì máa ń ga jù ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ àti aago mẹ́wàá alẹ́. Ọmọ tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ á tètè mọ̀ tó bá yàtọ̀. Iṣẹ́ yẹn lé ẹ̀rù kúrò lára ọmọ mi ju gbogbo ìtùnú tí mo ṣe lọ.

*Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ṣé ẹ máa ń ju ìdákọ̀ró sílẹ̀ lálẹ́ kí ẹ lè sùn? Akẹ́kọ̀ọ́, Ìbàdàn.*

Rárá, ọmọ mi. Omi ibẹ̀ jìn ju kìlómítà mẹ́ta lọ ní ọ̀pọ̀ ibi, okùn wa ò lè kan ìsàlẹ̀. Tọ̀sán-tòru ni ọkọ̀ ń lọ, wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta la fi ń gbapò ṣọ́nà. Tèmi ni aago mẹ́sàn-án sí méjìlá. Ọmọ mi obìnrin á bá mi jókòó fún wákàtí kan, okùn láyà, a ó jọ máa ka ìràwọ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀.