Lẹ́ǹsì 85mm f/1.2 ní òde ìyàwó: ohun tí ojú mi rí

Àbúrò mi, o ní ṣé kí o ta lẹ́ǹsì kámẹ́rà 85mm f/1.8 rẹ, kí o fowó kún un, kí o ra f/1.2 (bí nọ́ńbà f bá ṣe kéré tó ni ojú lẹ́ǹsì ṣe ń fẹ̀ tó, tí ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ fi ń wọlé), torí gbọ̀ngàn tí o ti ń ṣiṣẹ́ máa ń ṣókùnkùn. Mo ti rà á rí. Canon EF ni tèmi, ó wúwo ju kílò kan lọ. Ọdún kan gbáko, 1.2 ni mo ń fi ya gbogbo nǹkan. Ṣé mo wá rówó ra lẹ́ǹsì olójú ńlá kí n tún máa dín ojú rẹ̀ kù ni?

Ìgbéyàwó ìbílẹ̀ kan ní Ìbàdàn ló là mí lójú. Ìyá ìyàwó jókòó, ó kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, mo dúró bíi mítà méjì sí i. Lẹ́yìn kámẹ́rà, fótò yẹn dùn ún wò. Mo gbé e sórí kọ̀ǹpútà nílé: ẹyinjú kan mú bí abẹ, èkejì ti ń ṣe bàìbàì, gèlè ti wọ inú kùrukùru. Níbi tí mo dúró sí yẹn, ohun tí f/1.2 lè mú dáadáa láti iwájú sẹ́yìn kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin lọ. Láti imú dé etí èèyàn jù bẹ́ẹ̀ lọ! Màmá wo fótò, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n sọ: "Gèlè mi dà?" Mi ò rí èsì fọ̀. Aṣọ òkè olówó iyebíye ni mo sọ di èéfín.

Ẹ̀bi tèmi náà wà ńbẹ̀. Mo máa ń fi àmì fókọ́ọ̀sì tó wà láàárín kámẹ́rà mú ẹyinjú, kí n tó yí kámẹ́rà sí bí mo ṣe fẹ́ ẹ. Ní f/4 kò sẹ́ni tó máa mọ̀, ní 1.2, yíyí díẹ̀ yẹn ti tó láti ba fókọ́ọ̀sì jẹ́. Fókọ́ọ̀sì lẹ́ǹsì ọ̀hún sì ń wọ́ bí ìgbín. Kó tó mú oníjó, oníjó ti kúrò níbẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ àti aṣọ tó ń dán tún máa ń ní àwọ̀ àlùkò tàbí àwọ̀ ewé létí. Ní ìta lọ́sàn-án gangan ńkọ́? Mo fi ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí) sí 100, mo sì fi ìyára rẹ̀ sí 1/8000 ìṣẹ́jú-àáyá, fótò ṣì ń funfun jù.

Ìmọ́lẹ̀ tí o fẹ́ rà gan-an, ìlọ́po méjì àti díẹ̀ ni. Ohun tí o ń fi ISO 6400 yà ní 1.8, bíi 2800 ni wàá fi yà á ní 1.2. Kò burú, ṣùgbọ́n kámẹ́rà ayé ìsinsìnyí kò bẹ̀rù 6400.

Ibi tí mo ti gbádùn rẹ̀ ni yàrá ìmúra: ìyàwó nìkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, báàgì àti bàtà tó wà káàkiri yàrá á pòórá lẹ́yìn rẹ̀. Ní agbo ijó, f/2.8 ni, pẹ̀lú fláàṣì tí mo kọjú rẹ̀ sí àjà. Ẹbí lápapọ̀, 5.6.

Mo ti tà á, mo fi owó rẹ̀ ra fláàṣì méjì. Ní òde tó ń bọ̀, fi lẹ́ǹsì tó wà lọ́wọ́ rẹ ya gbogbo rẹ̀ ní 1.8, kí o ka iye fótò tí ẹyinjú ti mú dáadáa níbẹ̀. Tí kò bá pé ìdajì, 1.2 á tún dín in kù.