Ẹ Bi Dókítà: Ẹ̀fọ́rí tó ń bá oorun rìn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Awakọ̀ ni bàálé mi, ẹni ọdún 48. Kò sí àárọ̀ tí kì í jí pẹ̀lú ẹ̀fọ́rí, ṣùgbọ́n tó bá fi máa di aago mẹ́wàá, á ti lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti lo oògùn ibà lọ́dún yìí, ó sì ń lo paracetamol méjì láràárọ̀. Àwọn kan ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ó tún máa ń hanrun débi pé àwọn ọmọ ń gbọ́ ọ láti yàrá kejì. (Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ tí ẹ fi parí lẹ́tà yín ló yẹ kó ṣáájú. Tí orí bá ń fọ́ ẹni tó ń hanrun kó tó dìde lórí ibùsùn, tó ń fún un lápá méjèèjì orí láìsí èébì, tó sì lọ kí wákàtí 4 tó pé, ọ̀nà ọ̀fun ni kí ẹ ti kọ́kọ́ wádìí. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ti sùn wọra, ẹran ọ̀fun rẹ̀ á dẹ̀, á dí ọ̀nà èémí. Èémí lè dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ọpọlọ tó ta á jí láti mí. Á tún sùn lọ, kò sì ní mọ̀ pé òun jí rárá. Tó bá ti ń ṣẹlẹ̀ tó ìgbà 5 ní wákàtí kan, àìsàn tí wọ́n ń pè ní sleep apnea ni. Ti ẹlòmíràn ń lé ní 30. Ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ ń lọ sókè sódò, oorun sì já sí wẹ́wẹ́. Orí tó lo òru báyìí, kí ló fẹ́ ṣe tí kò ní fọ́?

Lálẹ́ òní, ẹ fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ibi tí híhanrun bá ti dákẹ́ lójijì ni kí ẹ fetí sí: tí ẹ bá lè ka ení, èjì, dé ẹ̀wá kó tó fi ariwo gbé èémí, ẹ tọ́jú ohùn yẹn fún dókítà etí, imú àti ọ̀fun. Ẹ fi téèpù télọ̀ wọn ọrùn rẹ̀ pẹ̀lú. Tó bá ju ínǹṣì 17 lọ fún ọkùnrin, tàbí 16 fún obìnrin, àmì kan ni. Tó bá sì ti ń tòògbé nídìí ọkọ̀, kó fi ọkọ̀ sílẹ̀ títí wọn yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí kì í ṣe ohun tí à ń fi ọ̀la dá.

Àyẹ̀wò tó dájú ni èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ wo oorun èèyàn mọ́jú. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe é kò pọ̀ ní Nàìjíríà, owó rẹ̀ kò sì kéré. Tí wọ́n bá rí i pé òun ni, ẹ̀rọ CPAP tó ń fẹ́ atẹ́gùn gba imú wọlé ni ìwòsàn tó múná jù. Kó tó dé ibẹ̀, kó máa fi ẹ̀gbẹ́ sùn. Ẹ rán bọ́ọ̀lù kékeré mọ́ ẹ̀yìn síńgílẹ́ẹ̀tì tó ń wọ̀ sùn. Gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ dojú sókè ni yóò máa gún un. Kó dín ọ̀rá ara kù, kó jìnnà sí ọtí àti paraga lálẹ́. Kó má sì lo oògùn oorun bíi bromazepam láìgba àṣẹ dókítà, nítorí ó lè mú ọ̀fun dẹ̀ sí i.

Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà fa ẹ̀fọ́rí àfi tó bá ga dé nǹkan bí 180/120, àmọ́ èémí tó ń dí lóru ń tì í sókè. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ̀n ọ́n. Ní ti oògùn ibà, ẹ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ná.

Paracetamol àràárọ̀ yẹn ló ń kọ wá lóminú. Oògùn ìrora tí èèyàn bá lò tó ọjọ́ 15 lóṣù fún ohun tó ju oṣù 3 lọ lè di ohun tó ń fọ́ni lórí fúnra rẹ̀. Ti èyí tí wọ́n po kọdíìnì tàbí kaféènì (èròjà inú kọfí) mọ́, ọjọ́ 10 péré ni. Tó bá dá paracetamol dúró, orí lè kọ́kọ́ fọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fún ọjọ́ 2 sí 10, oorun á sì dàrú. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń sá padà sídìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń lo kọdíìnì tàbí tramadol kò gbọdọ̀ dá a dúró lẹ́ẹ̀kan náà láìrí dókítà.

Ìbéèrè: Aago mẹ́rin ìdájí ni mo ń jí láàárín ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ Àìkú nìkan ni mo ń sùn títí di aago mẹ́wàá, ọjọ́ náà gan-an sì ni túúlu máa ń gbé mi dè. (Òṣìṣẹ́ báǹkì, Èkó)

Ìdáhùn: Apá kékeré kan nísàlẹ̀ ọpọlọ, hypothalamus, ló ń darí ìgbà oorun, ìgbà ebi àti ìgbà jíjí. Òun náà ló máa ń kọ́kọ́ yí padà kí túúlu tó dé. Kò fẹ́ràn ìyípadà: oorun tó kéré ń bí i nínú, èyí tó pọ̀ lójijì náà ń bí i. Lọ́jọ́ Àìkú, ẹ má sùn kọjá wákàtí kan lórí ìgbà tí ẹ ń jí tẹ́lẹ̀. Ẹ tètè sùn lálẹ́ Sátidé, kí ẹ sì rẹjú fún ogún ìṣẹ́jú lọ́sàn-án.

Ẹ tún wo kọfí yín. Ẹni tó ń mu ún láago márùn-ún ìdájí lójoojúmọ́, tí kò wá rí i mu lọ́jọ́ Àìkú títí di aago mọ́kànlá, ó ti lé ní wákàtí 24 tó ti mu ún kẹ́yìn, ara rẹ̀ ti ń bèèrè. Láàárín wákàtí 12 sí 24 ni ẹ̀fọ́rí àìrí kaféènì máa ń bẹ̀rẹ̀. Obì náà ní kaféènì. Panadol Extra ní mílígíráàmù 65 nínú hóró kan. Ẹ ro hóró méjì láago mẹ́wàá alẹ́ wò: lẹ́yìn bíi wákàtí márùn-ún, ìdajì rẹ̀ ṣì wà lára, lẹ́yìn náà ẹ ó ní ẹ ò rí oorun sùn.

Ìbéèrè: Gbogbo wa nílé, títí dé ọmọ ọdún mẹ́ta, la máa ń jí pẹ̀lú ẹ̀fọ́rí. Tí a bá ti jáde, á lọ. Fáráńdà la ń gbé jẹnẹrétọ̀ sí. (Bàbá Àyọ̀, Ṣàgámù)

Ìdáhùn: Ẹ má tàn án lálẹ́ òní! Èéfín carbon monoxide kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì ń gba fèrèsé wọlé. Ó kéré tán, kí jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé ní ẹsẹ̀ bàtà 20. Bí ẹnì kan bá ṣòro jí, ẹ gbé e síta, kí ẹ sì gbé e lọ síbi tí ọ́síjìn wà. Ẹ sọ fún wọn níbẹ̀ pé èéfín jẹnẹrétọ̀ ni, nítorí ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi sí ìka lè sọ pé ọ́síjìn pé nígbà tí kò pé.

Ìbéèrè: Ìyá mi, ẹni ọdún 67, ń jí láago méjì òru pẹ̀lú ẹ̀fọ́rí, ó ti tó oṣù mẹ́rin. (Ọmọ Ìyá, Òṣogbo)

Ìdáhùn: Ẹ̀fọ́rí tuntun lẹ́yìn ọdún 50, dókítà ló kàn, kò kan kẹ́míìsì. Kí wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kí wọ́n sì ya àwòrán orí. Tí apá tàbí ẹsẹ̀ kan bá kú tipiri, tí ojú bá ń ṣókùnkùn, tàbí tí ibà bá wà tí ọrùn kò sì ṣeé tẹ̀, ẹ gbé wọn lọ lọ́jọ́ náà. Tí gbogbo rẹ̀ bá mọ́ tán, irú ẹ̀fọ́rí kan wà tó jẹ́ pé inú oorun nìkan ló ń mú àwọn àgbà, ó sì yani lẹ́nu pé ife kọfí kan kí wọ́n tó sùn wà lára ohun tí dókítà lè ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbìyànjú.