Iyùn ń funfun nínú táńkì: kí ẹ tó ra oògùn, ẹ wọn iyọ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Àkóbọ̀ ní Ìbàdàn níbí ni mo ń gbé. Mo ní táńkì onígíláàsì kékeré kan, lítà 60, omi oníyọ̀ ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú iyùn ààyè (coral) mélòó kan àti ẹja méjì. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì tí ooru ti ń mú gan-an, iyùn ẹlẹ́ka ń funfun, èyí tó rí bí olú ti súnkì, èyí tó máa ń na ọwọ́ jáde kò nà án mọ́. Omi ń dín tó lítà kan lójúmọ́, ṣùgbọ́n mo ń po omi iyọ̀ tuntun kún un láràárọ̀, n kò jẹ́ kó fà sílẹ̀. Iná kì í dúró ládùúgbò wa. Àwọn ẹja ń jẹun dáadáa ní tiwọn. Ẹni tó ta iyùn fún mi ní kí n wá oògùn kan rà. Ṣé kí n rà á?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì rà á. Gbólóhùn kan wà nínú lẹ́tà yín tí mo kà lẹ́ẹ̀mejì: ẹ ní omi iyọ̀ lẹ fi ń dí èyí tó gbẹ. Ibẹ̀ ni mo fura sí jù.

Nígbà tí omi bá ń gbẹ, omi nìkan ló ń lọ, iyọ̀ kì í bá a lọ. Omi òkun ní iyọ̀ tó tó gíráàmù 35 nínú lítà kan, nítorí náà lítà 60 yín ní nǹkan bíi 2,100 gíráàmù lọ́jọ́ tí ẹ dá a sílẹ̀. Bí lítà kan bá gbẹ tí ẹ sì da lítà kan omi iyọ̀ sí i, gíráàmù 35 lẹ tún kó lé e lórí. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ 14, ó di 490. Omi yín á ti kúrò ní 35, á ti súnmọ́ 43. Ẹja ní ọ̀nà tó fi ń lé iyọ̀ àpọ̀jù jáde lára rẹ̀, iyùn kò ní in. Bí omi bá ṣe rí ni ara iyùn ń rí. Ìdí nìyẹn tí ẹja fi lè máa jẹun nígbà tí iyùn ń súnkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ má fi ti ẹja wọn ti iyùn.

Ẹ wọn iyọ̀ náà lónìí. Bí ohun tí ẹ fi ń wọ̀n ọ́n bá jẹ́ oníke tó ní abẹ́rẹ́ nínú, ẹ ṣọ́ra fún un, èéfòó omi máa ń lẹ̀ mọ́ abẹ́rẹ́ yẹn, á sì máa purọ́. Refractometer, ẹ̀rọ kékeré tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wọn iyọ̀ omi, ló dára, kí ẹ sì fi omi àyẹ̀wò tí wọ́n ti wọ̀n sí 35 tún un ṣe kí ẹ tó gbà á gbọ́. Bí tiyín bá ń ka 1.026 (bí omi náà ṣe wúwo sí omi lásán), 35 náà nìyẹn.

Bó bá ti ga, ẹ má sáré dá a padà. Ẹni tó ti gbààwẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, a kì í gbé odidi iyán kalẹ̀ fún un lójijì. Ẹ bu lítà kan àtààbọ̀ omi táńkì dànù lójúmọ́, kí ẹ fi lítà kan àtààbọ̀ omi tí kò níyọ̀ rọ́pò rẹ̀. Ìyẹn á máa fa iyọ̀ náà wálẹ̀ ní bíi gíráàmù kan lórí lítà lójoojúmọ́. Láti 43, nǹkan bí ọjọ́ mẹ́jọ ni yóò gbà. Láti ìsinsìnyí lọ, omi tí kò níyọ̀ rárá lẹ ó máa fi dí èyí tó bá gbẹ. Ẹ fi bírò fa ìlà sára gíláàsì láti mọ ibi tó yẹ kí omi dé.

Omi wo? Kì í ṣe ti borehole lásán. Orí àpáta ni Ìbàdàn jókòó lé, omi abẹ́ ilẹ̀ a sì máa kó èròjà òkúta dání. Kànga tó súnmọ́ ṣalángá tún lè gbé nitrate, èròjà tó ń wá láti inú ìgbẹ́, wá. Omi òjò láti orí páànù ń kó sínkì bọ̀, májèlé nìyẹn jẹ́ fún iyùn. Omi ẹ̀rọ RO, èyí tó ń sẹ́ iyọ̀ àti èròjà kúrò nínú omi, ni kí ẹ wá. Pure water lè ṣe é díẹ̀ bí ẹ bá fi ẹ̀rọ TDS, tó ń ka èròjà tó yọ́ sínú omi, wọ̀n ọ́n tó sì súnmọ́ òdo, ṣùgbọ́n ọ̀rá kan yàtọ̀ sí èkejì.

Ẹ̀sùn kejì, ooru. Iyùn inú ilé fẹ́ kí omi wà láàárín ìwọ̀n 24 sí 27 Celsius. Bó bá kọjá 29 fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ìjà dé. Nínú ẹran ara iyùn ni àwọn ewé tíntìntín kan ń gbé tí ojú lásán kò lè rí; wọ́n ń fi ìmọ́lẹ̀ se oúnjẹ fún un, àwọn náà ló sì fún un ní ọ̀pọ̀ àwọ̀ tí ẹ ń rí. Bí ooru bá pọ̀, oúnjẹ tí wọ́n ń sè a di ohun tó ń ta iyùn lára, iyùn á lé wọn síta, egungun funfun abẹ́ rẹ̀ á sì hàn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Great Barrier Reef ní Ọsirélíà lọ́dún 2016 nìyẹn, lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ kìlómítà.

Nítorí náà, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí iyùn ẹlẹ́ka náà, kí ẹ wò ó dáadáa. Bí ẹran ara bá ṣì bo egungun, tó kàn mọ́ gaara, ebi ló ń pa á, kò tíì kú, ó lè padà. Bí ó bá jẹ́ egungun gbígbẹ lẹ rí, tó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ tó ń gun òkè, ibi tó ti bọ́ yẹn ti lọ. Ẹ gé ẹ̀ka tó ṣì ní ẹran, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkúta mìíràn. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Bí ẹ bá ní irú èyí tó rí bíi bọ́tìnnì, tó tò jọ, májèlé tó lágbára lè wà lára rẹ̀: ẹ má fi ọwọ́ tó gé kàn án, ẹ má sì se òkúta tó wà lára rẹ̀ lórí iná láéláé.

Láti mú kí omi náà tutù, ẹ ṣí ìdérí rẹ̀, kí ẹ kọ fáànù kékeré sí ojú omi. Ó lè dín in kù ní ìwọ̀n méjì tàbí mẹ́ta. Omi á túbọ̀ máa gbẹ, ẹ kúkú ti mọ irú omi tí ẹ ó dà sí i. Lọ́sàn-án tó bá gbóná jù, ẹ lè fọ ara ọ̀rá pure water kan tó ti dì nínú firísà, kí ẹ jẹ́ kó léfòó láì já a. Ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan, torí lítà 60 kò tó nǹkan. Ẹ dín iná LED kù sí ìdajì títí àwọ̀ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í padà.

Bí iná bá lọ, pọ́ǹpù tó ń da omi rú ló ṣe pàtàkì jù. Iyùn lè wà nínú òkùnkùn fún ọjọ́ kan tàbí méjì, kò ní kú. Omi tó dúró sójú kan, tí afẹ́fẹ́ tán nínú rẹ̀, lè pa ẹja àti iyùn mọ́jú. Bí inverter yín kò bá lágbára, pọ́ǹpù nìkan ni kí ẹ fi sí i. Pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ oníbátìrì náà dára, kò sì wọ́n púpọ̀.

Ti oògùn wàyí. Púpọ̀ nínú oògùn ẹja ní bàbà (copper) nínú, bàbà sì ń pa iyùn. Òkúta inú táńkì tún máa ń fà á mu, á sì máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà. Ẹ má da calcium tàbí ohun tó ń gbé alkalinity (agbára omi láti dènà ásíìdì) ga sí i báyìí náà, nítorí nígbà tí iyọ̀ bá pọ̀ jù, gbogbo wọn ló máa ń ga pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí iyọ̀ dúró sí 35 ná, kí ẹ tó wò ó bóyá alkalinity wà láàárín 8 sí 9 lórí òṣùwọ̀n rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní dKH. Ohun kan tí àwọn èèyàn kì í bi mí: oògùn ẹ̀fọn tí a ń fọ́n sínú yàrá. Ẹ má fọ́n ọn síbi tí táńkì wà.

Èyí tó rí bí olú ni yóò kọ́kọ́ na ara rẹ̀ padà, ó lè jẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹlẹ́ka lè gba oṣù mélòó kan. Bí iyọ̀ àti ooru bá ti dúró dáadáa fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí funfun náà ṣì ń gun òkè, ẹ kọ nọ́ńbà iyọ̀, ooru àti alkalinity ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú fọ́tò tí ẹ yà lábẹ́ iná funfun. Iná búlúù máa ń bo àìsàn mọ́lẹ̀.